Bí Kánàkò Bá Di Ti Gbogbo Ènìyàn, Ta Ni Yóò Jókòó sí Ẹnubodè?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ ìtàn àròsọ tó kún fún idán àti oògùn, ẹ ní kí n wá sọ ohun tí ìrìnàjò oògùn lè sọ àwùjọ dà nínú ayé ìtàn: bí ọjà yóò ṣe rí, bí ilé yóò ṣe rí, irú ìjọba tí yóò lè dúró. Mo gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Mo máa ń ka ìwé àfọwọ́kọ àwọn ọ̀dọ́. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, akọni yóò pọfọ̀ ní Ìlọrin, kó tó ṣẹ́jú, ó ti bá ara rẹ̀ ní Ìlá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dé Ìlá, Ìlá náà kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn baba ńlá wa mọ̀. Odi rẹ̀ ṣì dúró. Ọjà rẹ̀ ṣì ń ná ní ọrọọrún. Àwọn aláàárù ṣì ń ru ẹrù wọ̀lú, oníbodè ṣì ń ka owó ẹyọ lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ìlú ń ṣe bí ẹni pé kò sẹ́ni tó gbọ́ rí pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà láyé. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá yín jiyàn.

Kí n tètè sọ èrò mi, kí ẹ lè máa fi wọn gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìrìnàjò bá ti yá tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹnubodè ṣe ń ṣí nípò tó. Ẹni tó ń gbowó láàárín ọ̀nà yóò ká ẹní rẹ̀, yóò lọ tẹ́ ẹ síbi tí àwọn arìnrìnàjò ti ń gbéra, tàbí ibi tí wọ́n ń balẹ̀ sí. Òǹkọ̀wé tí kò bá wá a lọ síbẹ̀ kò tíì mọ ayé tí òun ń dá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Oògùn ìrìnàjò kì í ṣe ohun tí a yá lò láti inú ìwé òyìnbó. Kánàkò wà, egbé wà. Ọwọ́ ọdẹ àti jagunjagun ni ìtàn máa ń fi kánàkò sí. Ó ń sọ ìrìn ọjọ́ mẹ́ta di ti ìṣẹ́jú díẹ̀. Egbé ní tirẹ̀, ti ọjọ́ ìṣòro ni: bí ibi bá ká ènìyàn mọ́ tí kò sí ibi tí yóò sá gbà mọ́, egbé a gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn àgbà ṣe so oògùn wọ̀nyí mọ́lẹ̀. Ẹni tó ní in nìkan ló ń gbé. Ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ náà, oògùn a kọ̀ fún un lójú ogun. A kì í sọ ọ́ ní gbangba, a kì í dá a lé ọmọdé lọ́wọ́. Nínú gbogbo ìtàn tí mo gbọ́ lẹ́nu àgbà, n kò gbọ́ ibi tí wọ́n ti fi kánàkò gbé igba iṣu lọ sọ́jà.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ìlú inú ìtàn náà fi lè wà bí wọ́n ṣe wà. Oògùn tó ń gbé ẹnìkan ṣoṣo, láìrẹrù, ní ìkọ̀kọ̀, lè dá ẹ̀mí akọni sí, kò lè yí iye owó iyọ̀ padà. Ẹni tó bá fẹ́ dá ayé tuntun, kó tú ọ̀kan nínú àwọn ìdè yẹn, kó sì ní sùúrù láti wo gbogbo ohun tí yóò tìdí rẹ̀ wó. Bí kánàkò bá lè ru ẹrù ńkọ́? Bí a bá lè rà á ní Ọjà Bódè n'Íbàdàn bí a ṣe ń ra egbòogi ńkọ́? Bí ogún ènìyàn bá lè di ọwọ́ ara wọn mú, kí oògùn ẹnì kan gbé gbogbo wọn ńkọ́?

Fágúnwà mọ̀ pé ewu wà nínú títú ìdè náà. Nínú ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, Àkàrà-Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọba rán níṣẹ́ sí Òkè Láńgbòdó kì í ṣe òpè nídìí oògùn. Kàkó wà níbẹ̀, Ìmọ̀dòye wà níbẹ̀, Olóhùn-Iyọ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín. Bí kánàkò bá gbé gbogbo wọn débẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìwé náà parí ní ojú ewé kejì.

Amos Tutùọlá gba ọ̀nà mìíràn, èmi sì fẹ́ràn ọ̀nà rẹ̀ gidigidi. Nínú The Palm-Wine Drinkard, tó jáde ní 1952, ọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà àti ìyàwó rẹ̀ dé etí odò, wọn kò sì ní owó tí wọ́n yóò fi sọdá. Ọkùnrin náà fi oògùn sọ ara rẹ̀ di ọkọ̀ ojú omi, ìyàwó mú àjẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò sọdá. Tọ́rọ́ ni owó àgbà, ìdajì ni ti ọmọdé. Bí alẹ́ bá lẹ́, ọkọ̀ á padà di ènìyàn, wọ́n á jókòó ka owó. Nígbà tí oṣù kan fi pé, wọ́n ti pa lé ní £56. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó lè sọ ara rẹ̀ di ọkọ̀ kò sọdá kó máa lọ. Ó dúró sí etí odò, ó di oníbodè. Tutùọlá kò wàásù lé e lórí, ó kàn ka owó náà fún wa ni, ó sì tó.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí kánàkò yóò tú ká, kó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ọ̀nà ń ṣe. Ẹ wo ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìbàdàn ní ọmọ ogun, ó ní oko, ó ní akọni, ṣùgbọ́n kò ní etíkun. Ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ òyìnbó tó ń lò, láti etí òkun ni wọ́n ti ń wá, ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ní 1877, nígbà tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, ń kó ẹ̀tù bọ̀ láti Àjàṣẹ́ lápá etí òkun, ọ̀rọ̀ ọ̀nà di ìjà láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá. Ẹ̀gbá ti ọ̀nà, Ìjẹ̀bú náà ti tirẹ̀. Nígbà tí ogun Kírìjì sì bẹ́ sílẹ̀, tí Èkìtìpàrapọ̀ dìde sí Ìbàdàn lábẹ́ Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ń fi ìbọn tuntun tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sílé. Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n gbé e gbà, ọ̀nà apá ìlà oòrùn tí Gómìnà Glover ti ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870 kí òwò lè yẹ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sílẹ̀. Àwọn jagunjagun kò tú ká pátápátá títí di 1893. Ọdún kan ṣáájú èyí, ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbógun ti Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n. Ọ̀nà tí Ìjẹ̀bú kò fẹ́ ṣí wà ní ìdí ogun náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá fi kánàkò tó ń ru ẹrù sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ní 1877. Ẹ fi sí ọwọ́ oníṣègùn kan ní ilé Látòósà. Ẹ̀tù tó wà ní Àjàṣẹ́ lálẹ́, ó ti dé Ìbàdàn kí àkùkọ tó kọ. Ní ọjọ́ yẹn, títì tí Ẹ̀gbá ti ọ̀nà ti di asán. Àwọn ìjòyè tí owó bodè ń bọ́, tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ ogun, tí wọ́n fi ń fẹ́ ìyàwó, àpò wọn ti ya. Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, tí gbogbo ayé ń bẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ wà láàárín òkun àti Ìbàdàn, yóò jí di ọba ìlú kan bí ìlú mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè yọ̀. Ta ló kù tí Ìbàdàn yóò máa bẹ̀? Ẹni tó mọ oògùn náà ṣe ni, àti ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbé ẹrù nílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, àwọn oníṣègùn yóò ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọn yóò ti ní olórí, wọn yóò ti ní owó ìwọlé àti ìbúra. Ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ kò ní gbọ́dọ̀ pe ọfọ̀ náà. Bodè ti ṣí lọ sí ilé wọn.

Ìtàn gidi ti fi díẹ̀ nínú èyí hàn wá láìsí oògùn kankan. Rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kánò ní 1912. Òṣogbo, tí ọkọ̀ náà dé, di ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń sáré lọ dá ṣọ́ọ̀bù sí. Èjìnrìn létí ọ̀sà, tí ọjà rẹ̀ ti jẹ́ ojú òwò Ìjẹ̀bú àti Èkó fún ìgbà pípẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ bí ẹrù ṣe ń gba ojú irin àti ojú títì. Kò sí ẹni tó gbógun ti Èjìnrìn. Ẹrù kàn ń gba ibòmíràn kọjá ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ ìtàn, ẹ ronú kan àwọn tí ẹni tó ń kọjá ń bọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dúró ní Ìkirè díẹ̀, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, tí ará ilé mìíràn ì bá dà nù, ni wọ́n ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n ń bu ṣù, tí wọ́n ń dín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Dòdò Ìkirè nìyẹn. Bí mọ́tò bá ti rọra nítorí kòtò tàbí nítorí èrò, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ á ti sáré dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, igbá lórí, owó ṣẹ́ńjì ní ìka. Ẹni tó ń ta á mọ bí mọ́tò ṣe ń rọra, ó mọ èrò tí yóò rà àti èyí tí yóò kàn wò ó. Ìmọ̀ gidi ni, wọ́n fi ń rán ọmọ nílé ìwé. Bí kánàkò bá wá gbé gbogbo èrò náà láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀ láìfẹsẹ̀ kan Ìkirè, ìmọ̀ yẹn kò ní ibi tí yóò ti jẹun mọ́. Ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀, sí agbèrò, sí vọ́kanáísà, sí ìyá olóúnjẹ ní gáréèjì. Mo fẹ́ kí ìtàn kan wà tí akọni ti balẹ̀ ní ìlú rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, kí ìyá rẹ̀ tó ń tajà lójú ọ̀nà sì bi í léèrè ibi tó gbà wọlé. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀ tó lọ́wọ́ wa.

Àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó ti gbìyànjú nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ ká mọ ibi tí wọ́n dé. Alfred Bester, ará Amẹ́ríkà, kọ The Stars My Destination ní 1956. Nínú ayé rẹ̀, ènìyàn lè fi ọkàn lásán gbé ara rẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, bó bá ṣáà ti mọ ibi tó ń lọ dáadáa. Bester wo ọ̀rọ̀ náà débi tó korò. Àwọn olówó ń fi ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ yí yàrá wọn ká kí ẹnikẹ́ni má baà mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Wọ́n ń fi mọ́tò àtijọ́ ṣe fáàrí, nítorí pé mẹ̀kúnnù ti lè fò. Àwọn ọkùnrin sì tún padà sé obìnrin mọ́lé, wọ́n ní ogiri kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni mọ́. Larry Niven ní tirẹ̀, nínú Flash Crowd ní 1973, fi hàn pé bí àgọ́ ìrìnnà bá wà ní gbogbo ìkóríta, ìjà kékeré kan ní òpópónà lè fa èrò láti gbogbo orílẹ̀-èdè: àwọn òǹwòran, àwọn olè, àwọn tó fẹ́ jà. Rowling fi ìjọba sí i nínú àwọn ìwé Harry Potter: ọ́fíìsì ló ń bójú tó ìrìnnà oògùn, ọmọ ọdún 17 ló lè gba ìwé àṣẹ, kò sì sẹ́ni tó lè ṣàdédé balẹ̀ sínú ọgbà ilé ìwé Hogwarts. Mo bọ̀wọ̀ fún Bester jù lọ nínú wọn, nítorí ó béèrè ohun tí ẹ̀rù yóò sọ ènìyàn dà.

Àwa ní ohun tí a lè fi dáhùn Bester láti inú àṣà tiwa. Àwọn baba wa mọ àálè. Ẹni tó ní igi ìdáná lẹ́yìn odi, tàbí oko tí kò sí olùṣọ́, yóò so àlòkù bàtà, àkísà tàbí ṣùkù àgbàdo mọ́ ọn; olè tó bá rí i mọ ohun tí yóò bá òun bí òun bá fọwọ́ kàn án. Nínú ayé tí ẹnikẹ́ni lè balẹ̀ síbikíbi, odi Ìbàdàn kò wúlò mọ́, Erédò Ṣùǹgbọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká kò wúlò mọ́, àálè ni yóò di odi. Gbogbo ilé ni yóò fẹ́ ní in. Olówó yóò ní èyí tó lágbára, tálákà yóò so àkísà lásán, yóò sì máa gbàdúrà. Ọmọ tó ń sáré bọ̀ wálé lálẹ́ nínú ewu lè bá àálè bàbá rẹ̀ pàdé, tí àálè náà kò mọ̀ ọ́n. Ìtàn kan wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá láyà láti kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ obìnrin tí Bester mẹ́nu bà kan wá ju bó ṣe kàn án lọ. Nínú ìtàn wa, ọkùnrin ló ń ní kánàkò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ta ló rìn jù nílẹ̀ Yorùbá? Àwọn alájàpá ni. Obìnrin ló ń ra ọjà ní ìlú kan, tó ń tà á ní ìlú kejì. Wọn a máa kóra jọ rìn nítorí àwọn agbénipa. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà n'Íbàdàn, Ìyálóde Tinúbú l'Ábẹ́òkúta, òwò tó ń gba ojú ọ̀nà kọjá ló sọ wọ́n di ẹni tí ọkùnrin ń bẹ̀. Bí oògùn ìrìnnà bá wá di ti gbogbo ayé, àmọ́ tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ ọdẹ ló ń pín in, òwò yẹn yóò bọ́ kúrò lọ́wọ́ obìnrin láàárín ìran kan. Bó bá sì jẹ́ pé àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ ní in, Ìyálóde ni yóò máa fi ọba jẹ. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láìdáhùn nínú ìwé yín. Ẹni tí ẹ bá fi oògùn náà lé lọ́wọ́, òun lẹ fi ìlú lé lọ́wọ́.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo oníbodè ló burú. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe pàtàkì lójú mi kí n sọ èyí yékéyéké. Àìsàn pẹ̀lú a máa wọ ọkọ̀, ẹnubodè ló sì lè dá a dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ńlá dé èbúté Èkó. Rélùwéè tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan ló gbé e wọ inú ilẹ̀ lọ, láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀. Ìlú tí ojú irin sọ di ọlọ́jà ńlá ni ojú irin kọ́kọ́ gbé àrùn lọ bá. Ẹ wá wo ọjọ́ 20 oṣù Keje 2014. Ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù l'Ékòó láti Làìbéríà, kòkòrò Ebola ti wà lára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀ yọ dókítà lẹ́nu gan-an, ṣùgbọ́n Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ jáde. Bí ó ṣe kọ̀ yẹn ló dá ìlú tó ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn sí. Gbogbo ẹni tí àrùn náà mú ní Nàìjíríà jẹ́ 20, ẹni 8 kú, òun náà sì wà nínú àwọn tó kú, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Obìnrin yẹn jókòó sí ẹnubodè. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san owó bodè fún gbogbo wa. Nínú ayé tí kánàkò ti di ti gbogbo ènìyàn, ibo ni irú rẹ̀ yóò dúró sí? Ọkùnrin aláìsàn náà ì bá ti pe ọfọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ì bá ti bá ara rẹ̀ ní ìlú mìíràn, lẹ́yìn náà ní ìlú kẹta. Ayé tó bá ní ìrìnnà bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní ìlànà fún ẹni tó yẹ kí ó dúró, kò ní pẹ́ tó fi máa sin ara rẹ̀. Nítorí náà, àwọn èèwọ̀ tí àwọn àgbà so mọ́ kánàkò, mi ò fẹ́ kí ẹ kà wọ́n sí ìdènà lásán. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ́kọ́ dá irú ìtàn náà mọ̀ pé ohun tó yá jù gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò dá a dúró.

Ibi tó dùn mí jù lọ ni mo kù láti dé. A ní òwe kan pé ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Ọ̀nà jíjìn ni ẹ̀wọ̀n ẹrú. Ẹni tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Cuba tàbí Bahia ní bàbá, ó ní ìyá, ó ní orúkọ, ó ní oríkì. Òkun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè wá a débẹ̀. Àwọn tó wà nínú oko ẹrú ní Amẹ́ríkà náà ronú kan oògùn ìrìnnà. Títí di òní, ní etíkun Georgia, wọ́n ń sọ ìtàn àwọn ará Áfíríkà tó gbéra sókè tí wọ́n fò padà sílé. Wọ́n so irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mọ́ ibi tí àwọn Igbo kan ti kọ̀ láti di ẹrú ní erékùṣù St. Simons ní 1803, tí wọ́n rìn wọ inú omi. Ní àwọn ibì kan ní ilẹ̀ Caribbean, wọ́n ní ẹni tí kò bá jẹ iyọ̀ nìkan ló lè fò. Ẹ wo bí ìtàn náà ṣe jọ ti wa: oògùn wà, èèwọ̀ wà. Bí òǹkọ̀wé kan bá wá dá ayé tí egbé ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kò lè fi ẹrú sínú ayé náà láìdáhùn ìbéèrè yìí: kí ló dá bàbá rẹ̀ dúró? Àwọn amúnisìn yóò kọ́kọ́ gba oògùn náà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọn yóò so àálè mọ́ ara ènìyàn bí a ṣe ń so ó mọ́ igi ìdáná. Ìwà ìkà tuntun ni yóò jẹ́. Ẹ má fi bò.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má rò pé àwa tí a jókòó síhìn-ín kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nínú irú ayé bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ọmọ Yorùbá tó ń lọ kàwé ní Ìlú Ọba a máa wọ ọkọ̀ ojú omi bíi Aureol láti Èkó. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n máa ń lò lórí omi kí wọ́n tó dé Liverpool. Ìrìn náà lọ́ra, èébì ń gbé ènìyàn, òtútù ń dúró lókè ọ̀hún. Ṣùgbọ́n bó bá dé èbúté, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, nítorí pé kò tíì sí òfin tó ti ọ̀nà mọ́ ọmọ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ní 1962 wọ́n ṣe òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í sún ilẹ̀kùn náà. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, físà ti di dandan. Lónìí, bàálù ń gbé ènìyàn láti Èkó dé London ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀. Lójú ẹni tó wọ Aureol, kánàkò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé báǹkì, lẹ́tà ìkésíni, ìtẹ̀ka àti ìdúró de èsì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì kọ̀ fún, wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ ti di ọ̀nà tí kò lópin. Àwọn ìyá wà nílẹ̀ wa tí wọ́n ń wo ọmọ ọmọ lórí fóònù, tí wọn kò tíì gbé e sẹ́yìn rí. Ọ̀nà kọ́ ló jìn sí wọn.

Ó kù kí n fi iṣẹ́ lé yín lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ọ̀kan nínú yín kọ ìtàn alájàpá kan ní Ìbàdàn ní 1878. Ọ̀nà ti dí, iyọ̀ ti gbówó lórí. Bàbá rẹ̀ ọdẹ kú, ó fi kánàkò sílẹ̀ fún ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n òun ló mọ ọfọ̀ rẹ̀ nítorí ó máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Ó dán an wò, ó bá ara rẹ̀ ní Èjìnrìn, ó ru àpò iyọ̀ kan padà. Kí oòrùn tó yọ, ó ti tà á tán. Ẹ jẹ́ kí a mọ iye tó tà á. Ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tó kọ́kọ́ fura, bóyá aládùúgbò ni, bóyá ọmọkùnrin bàbá rẹ̀, bóyá olóyè kan tí owó bodè ń bọ́. Ẹ jẹ́ kí a mọ èèwọ̀ tí bàbá rẹ̀ kò sọ. Ààrẹ Látòósà yóò ránṣẹ́ pè é, yóò ní kó lọ kó ẹ̀tù wá. Àwọn obìnrin ọjà yóò wá bá a lóru, wọn yóò ní kó kọ́ àwọn náà. Kó pinnu ẹni tí yóò kọ́, àti iye tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ tán, kó mú un wá fún mi, n óò kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.